Òru Òjò Dídì ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin abilékọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ yóò ṣe, tí ilé rẹ̀ jìnnà réré, tí ibùwọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ó gbà wà ní òdìkejì ìlú, tí agogo méjì òru ti lù, tí òtútù sì ti sọ ojú ọ̀nà di funfun? Irú òru bẹ́ẹ̀ kàn mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé bí ó ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa ìrìn àjò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ọmọ ìyá wa tí ó wà ní òkè òkun.

Ní ìparí ọdún 2022, mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì kan tí a ṣe fún àwa olùkọ́. Ibùwọ̀ tí mo gbà wà ní àdúgbò Paddington, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Sussex Gardens. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí àwọn ilé gíga tí wọ́n so mọ́ ara wọn lọ́tùn-ún lósì, tí púpọ̀ nínú wọn ti di ilé ìgbàlejò kéékèèké fún àwọn arìnrìn-àjò tí owó wọn kò pọ̀. Yàrá mi wà ní àjà kẹrin, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń gun àtẹ̀gùn dé ibẹ̀. Ibùsùn kan, àga kan, àti fèrèsé kan ni ó wà nínú rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ sì jẹ́ àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ kò sì ju agbára mi lọ. Ohun tí mo tilẹ̀ fi yàn án ni pé ó súnmọ́ ibùdókọ̀ Paddington, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ tààrà sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá mi, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Peckham, ní apá gúúsù ìlú náà. Ọmọ Yorùbá tí ó bá dé Peckham yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò sí láàárín àjòjì. Iṣu, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, ata rodo, aṣọ àǹkárá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà ní òpópónà Rye Lane. Àbúrò mi yìí ti bí ọmọkùnrin ní ọjọ́ méjìlá ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìyá wa ti di olóògbé. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní ilé. Nítorí náà, kò sí ìyá àgbà kankan tí yóò wẹ ọmọ, tí yóò sì se ọbẹ̀ gbígbóná fún ìyá ọmọ.

Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, àwọn ará ilé wa ti fún mi ní ìwé kan tí n ó fi lé e lọ́wọ́. Ìwé náà kún. Owó pánù òrùlé ilé bàbá wa ni ó ṣáájú; owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ni ó tẹ̀ lé e; owó aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà kò gbẹ́yìn. Mo kọ tèmi sí ìsàlẹ̀ ìwé náà: owó fìríjì ńlá kan tí n ó fi máa ta omi tútù ní ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ni mo lọ kí i fún ìgbà ìkẹyìn, nítorí pé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú padà sí ilé. Mo wọ bọ́ọ̀sì 36 láti Paddington, òun náà ni ó sì gbé mi dé Peckham láìsọ̀kalẹ̀. Ìpinnu mi ni pé bí ó bá di agogo mẹ́jọ alẹ́, n ó ti máa padà bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ní oṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù a ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kì í sì í yọ títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ojú ọ̀run mọ àkókò, bí a ti ń ṣe ní ilé, yóò ṣìnà.

Nígbà tí mo wọlé, ohun tí mo bá kò jọ ohun tí mo ti ń rò. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ọkọ rẹ̀ ti ń múra láti lọ sí ibi iṣẹ́ ọdẹ òru tí ó ń ṣe. Ojú àbúrò mi pọ́n, ọmú rẹ̀ wú, orí ọmú ti bó, kò sì tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún lójú kan náà. Mo bọ́ kóòtù mi sílẹ̀, mo ká ọwọ́ aṣọ sókè. Mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ọmọ, mo fi òróró pa á lára, mo gbé e pọ̀n. Mo ro àmàlà, mo se ewédú. Àbúrò mi jẹun tán, ó sì sùn lọ lórí àga pẹ̀lú ọwọ́ tí kò tíì fọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ta ni nínú yín tí ó lè jí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé, “Dìde, gba ọmọ rẹ, mò ń lọ”? N kò lè ṣe é. Agogo mẹ́jọ lù, mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù. Ọmọ jí, mo rẹ̀ ẹ́. Ó tún jí, mo gbé e fún ìyá rẹ̀ kí ó fún un ní ọmú, ìyá sì tún sùn. Ìwé àwọn ará ilé wà nínú àpò mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo na ọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fa ọwọ́ padà.

Nígbà tí àbúrò mi jí dáadáa, agogo méjì ààbọ̀ òru ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn níbí kí ilẹ̀ mọ́.” Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù mi àti ẹrù mi gbogbo wà ní ibùwọ̀, n kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ kọjá agogo méje ní pápákọ̀ òfurufú. Kò sí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ó dé Peckham. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2016 ni díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti ń rìn mọ́jú, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ Ẹtì àti ti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni. Ti táásì, gbogbo owó tí ó kù lọ́wọ́ mi ni ì bá gbà lọ. Bọ́ọ̀sì 36 nìkan ni ó kù, nítorí pé tọ̀sán tòru ni ó ń rìn.

Mo ṣí ìlẹ̀kùn, mo sì dúró. Òjò dídì ti rọ̀ láti alẹ́, a kò sì mọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó dà bí yìnyín olókùúta tí a mọ̀ ní ilé, tí í máa fi agbára lu pánù. Èyí a máa rọra bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kì í sì í pariwo rárá. Ó ti bo òrùlé, ó ti bo ọkọ̀ àti igi, ó sì ti gbé ariwo ìlú mì. Àbúrò mi tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé mi ní orí àti etí. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ sábẹ́ kóòtù. Ṣùgbọ́n bàtà mi, bàtà pẹlẹbẹ tí mo fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ni. N kò tíì rìn ju ilé mẹ́wàá lọ tí omi fi wọ ìbọ̀sẹ̀ mi.

Ní ibùdókọ̀, èmi nìkan ni mo wà. Mo mú fóònù mi jáde kí n wo ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò dé. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú, nítorí pé òtútù a máa sọ bátìrì di aláìlágbára. Inú fóònù náà ni mo kọ àdírẹ́sì ibùwọ̀ mi sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti mọ ilé náà sórí. Mò ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, mò ń fi ọwọ́ pa ara wọn, mo sì ń wo ọ̀tún wo òsì, nítorí pé obìnrin tí ó dá dúró ní òru mọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ó kọjá ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan, tí ó rọra gba àárín títì bí ẹni pé òun ni ó ni ìlú. Ó wò mí, mo wò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òjò dídì náà.

Ó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kí iná bọ́ọ̀sì tó yọ lókèèrè. Mo gun un, mo fi káàdì mi kan ẹ̀rọ. Iná pupa tàn. Mo tún fi kàn án, pupa náà ni. Owó ti tán nínú káàdì, n kò sì mọ̀! Mo na owó ẹyọ sí dìráfà. Ó mi orí, ó sì nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. N kò lè bá a wí, nítorí pé láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó ọwọ́ mọ́. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi ké pé, “Yéè! Mo gbé!”

Ohùn kan dáhùn láti ìjókòó iwájú pé, “O kò gbé, ọmọ mi. Dúró.”

Ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó fa káàdì kan yọ láti inú àpò rẹ̀, ó fi kan ẹ̀rọ, iná sì di àwọ̀ ewé. Pọ́nùn kan àti pẹ́nì 65 ni owó bọ́ọ̀sì nígbà náà. Lójú mi, ó ju ọgọ́rùn-ún pọ́nùn lọ. Ó ní káàdì báńkì òun ni òun ń fi wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun máa ń tọ́jú èkejì sínú àpò fún irú ọjọ́ báyìí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ láàárín ìjókòó, mo dúpẹ́, mo sì fẹ́ fún un ní owó ẹyọ náà. Ó kọ̀. Ó ní, “Fi ra ìbọ̀sẹ̀ fún ara rẹ.” Ó fi mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó sì fi tirẹ̀ bò ó.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ ni mo wo inú bọ́ọ̀sì. Mo ti rò pé ọ̀mùtí àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti òde ijó bọ̀ ni n ó bá níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin ni ó pọ̀ jù, adúláwọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan fi orí ti gíláàsì, wọ́n ń sùn. Òmíràn ń ka Bíbélì kékeré kan. Òmíràn gbé àpò lé itan, tí aṣọ iṣẹ́ sì yọ létí rẹ̀.

Mo bi ìyá náà pé, “Ìyá, ibo ni gbogbo yín ń lọ ní irú àkókò yìí?”

Ó ní, “Iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Kí àwọn alákọ̀wé tó dé ọ́fíìsì ní agogo mẹ́sàn-án, a ó ti gbá ilẹ̀, a ó ti nu tábìlì, a ó ti da ìdọ̀tí nù, a ó sì ti lọ. Wọn kì í rí wa. Ẹni tí kò bá wọ bọ́ọ̀sì òru kò lè mọ̀ pé a wà.”

A ti kọjá Camberwell, a ń lọ sí Oval. Ó sọ fún mi pé ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni òun, ọdún 1991 ni òun sì dé ìlú náà. Mo bi í léèrè ẹni tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ni ó ń tọ́jú àbúrò. Àkọ́bí mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tí ó ti ń jí àwọn méjì yòókù, tí ó ń fún wọn ní oúnjẹ, tí ó ń mú wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìbẹ̀rù ni mo fi ń jáde, ìbẹ̀rù ni mo fi ń wọlé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣe é, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dàgbà.”

“Ilé ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ máa ń lọ?”

“Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo lò kí n tó lè padà lọ wo ìyá mi. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìwé ń dé, ìpè ń dé: owó pánù, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó òkú. N kò bínú, nítorí pé èmi náà mọ bí ilé ti rí. Ṣùgbọ́n ìyá mi nìkan ni ó máa ń kọ́kọ́ bi mí pé, ‘Ṣé o sùn?’ Láti ìgbà tí ó ti kú, n kò gbọ́ ọ mọ́.”

Owó pánù! Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹni pé ó ti ka ìwé inú àpò mi ni ó rí. Mo di àpò náà mọ́ra, n kò sì lè wí nǹkan kan. A ń kọjá lórí afárá Vauxhall nígbà náà. Odò Thames dúdú lábẹ́ wa, etí rẹ̀ méjèèjì sì funfun. Nígbà tí a dé Victoria, ìyá náà dìde. Bí ìdajì àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ni ó dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní, “Kí ará ilé fún mi o,” ó sì bọ́ sílẹ̀ sínú òjò dídì. Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lọ lábẹ́ iná títì, wọ́n ń rọra gbé ẹsẹ̀ kí wọn má baà yọ̀ ṣubú.

Bọ́ọ̀sì gba ẹ̀gbẹ́ Hyde Park lọ, ó gba Park Lane, níbi tí àwọn ilé ìtura olówó gọbọi wà. Iná wọn ń tàn yòò ní agogo mẹ́rin òru kù díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí mo bá ti wò wọ́n, ẹwà wọn ni mo máa ń sọ. Ní òru ọjọ́ yìí, mo bi ara mi pé ta ni ó ń gbá ilẹ̀ wọn. A kọjá Marble Arch, a wọ Edgware Road, mo tẹ aago, mo sì sọ̀kalẹ̀ ní Sussex Gardens.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ mú kí ó tó lè wọ ihò. Mo gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní jẹ́jẹ́. Yàrá kékeré tí mo ti ń ráhùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì di ààfin lójú mi: ó gbẹ, ó ní ìlẹ̀kùn, ó sì ní ibùsùn tí n ó na ẹ̀yìn lé fún wákàtí kan. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù, mo nu ẹsẹ̀ mi gbẹ, mo sì fi súwẹ́tà wé e. Lẹ́yìn náà ni mo yọ ìwé àwọn ará ilé jáde. Mo fa ìlà lé owó fìríjì mi. Àwọn tí ó kù kì í ṣe tèmi láti pa rẹ́, ṣùgbọ́n mo pinnu pé n ó gbé ìwé náà padà lọ fún àwọn tí ó fi rán mi.

Mo bá ọkọ̀ òfurufú mi, ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó gbéra nítorí òjò dídì kan náà. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mo kó ẹbí jọ, mo gbé ìwé náà kalẹ̀, mo sì ro gbogbo ohun tí ojú mi rí. Àwọn kan kùn pé mo ti jẹ iṣẹ́ tí a rán mi ní àjẹkù. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pé pánù lè dúró títí a ó fi dá owó rẹ̀ jọ láàárín ara wa. Nínú ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a dá a, tí a sì kan án. Títí di òní, bí ó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo máa ń pe àbúrò mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi kì í sì í yí padà: “Ṣé o sùn?”

Ẹ̀yin abilékọ, bí ìrìn àjò ìgbà òtútù bá kàn yín, ẹ kọ àdírẹ́sì ibùwọ̀ yín sí orí ìwé, ẹ má ṣe fi lé fóònù nìkan lọ́wọ́. Ẹ wo owó inú káàdì yín kí ẹ tó jáde. Ẹ ra bàtà tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan sí inú àpò. Ẹ bo orí, etí àti ọwọ́. Ní inú bọ́ọ̀sì òru, ẹ jókòó sí ìsàlẹ̀ níbi tí dìráfà wà, ẹ má ṣe lọ sí òkè. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ìwé sí ọmọ ìyá yín tí ó wà ní òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó sùn, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀, kí ẹ tó dárúkọ owó.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.